Fóltéèjì Iyè àti Ààlà Aṣèṣirò: Ìṣòro Ìperí Kan nínú Títo Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tí ń to kọ̀ǹpútà mu, nítorí pé kò sí ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ náà tí a lè yàn láìwo ẹ̀yà tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀yà méjì péré ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Èkejì ni ẹ̀yà tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn méjèèjì ń lo iná mànàmáná. Bí iná tí a fún èkíní bá kọjá èyí tí èkejì lè gbà mọ́ra, èkejì lè bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe èkíní.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn, ṣùgbọ́n ó kan àwa olùkọ́ èdè àti ògbufọ̀ pẹ̀lú. Ìdí ni pé, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú, ibì kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò sí ohun tí ó lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìbàjẹ́ bí kò ṣe ohun tí a kọ sílẹ̀. Bí ẹni tí ó túmọ̀ ìwé ìlànà sí Yorùbá bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́ta, ẹni tí ó fi ìwé náà ṣiṣẹ́ ni yóò san gbèsè àṣìṣe náà.

Kì í ṣe pé èdè wa kò lè gbé irú ẹrù yìí. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà rẹ̀, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹfà. Ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí a mú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú àpótí kọ̀ǹpútà, kí a sì fi ọ̀ràn kan ṣoṣo hàn bí ìperí tí ó dájú ti ṣe pàtàkì tó.

2. Ìtaari, ìṣàn àti agbára

Kí a tó lè sọ pé nǹkan méjì bára dọ́gba, a ní láti mọ ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá gbé táǹkì omi ka ibi gíga, omi inú rẹ̀ yóò máa taari ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó wà nísàlẹ̀, yálà a ṣí ẹ̀rọ náà tàbí a tì í pa. Bí a bá tún gbé táǹkì náà ga sí i, títaari náà yóò le sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò bu omi kún un. Nígbà tí a bá ṣí ẹ̀rọ, omi yóò máa ṣàn. Iye omi tí ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ohun ọ̀tọ̀, nítorí pé bí ẹnu ẹ̀rọ ti fẹ̀ tó wà lára ohun tí ó ń pinnu rẹ̀. Bí a bá wá fi omi náà yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kan po, bí kẹ̀kẹ́ náà yóò ti ṣiṣẹ́ tó dúró lórí títaari omi àti ṣíṣàn rẹ̀ pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti iná mànàmáná. Ohun tí ń ti iná gba inú wáyà kọjá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní voltage. Fólítì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣíṣàn iná náà ni a ń fi ámpíà wọ̀n. Bí a bá sọ òǹkà fólítì di púpọ̀ pẹ̀lú òǹkà ámpíà, wọ́ọ̀tì ni a ó rí, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí a bá wá fetí sí bí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ nípa iná ní ìgboro, a ó rí i pé wọn kì í ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Nígbà tí gílóòbù bá ń tàn bàìbàì, wọn a ní háàfù kọ́ráǹtì ni wọ́n mú wá, tàbí pé kọ́ráǹtì kò gbé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣàn ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé fólítì tí ó yẹ kí ó jẹ́ 230 nínú ilé ti wálẹ̀ gidigidi. Fólítì yìí náà sì ni sítébíláísà tí a ń rà ń gbìyànjú láti mú dúró lójú kan. Èyí kì í ṣe àbùkù fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Inú ìwé ìlànà ni kò ti lè tó.

Àbá mẹ́rin ni ó ṣeé gbé yẹ̀ wò fún voltage. Èkíní ni agbára iná. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu, ṣùgbọ́n a nílò rẹ̀ fún ohun tí a fi wọ́ọ̀tì wọ̀n, kò sì yẹ kí a fi orúkọ kan náà pe méjì. Èkejì ni ipá iná. Àléébù tirẹ̀ ni pé ipá àti agbára ń rọ́pò ara wọn lẹ́nu àwọn elédè, àti pé a ti ń lo ipá nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ohun mìíràn tí ń sún nǹkan kúrò níbi tí ó wà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àyálò, fóltéèjì. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá oníṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ ni yóò sì mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí ó ń pè. Ẹ̀kẹrin, èyí tí a fara mọ́, ni ìtaari iná, tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe taari àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Ó ń fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ hàn, kò sì jọ agbára tàbí ìṣàn. A kò sọ pé kí a pa fóltéèjì tì. Ẹni tí ó bá ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ lè lò ó. Ìtaari ni kí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́.

Ní ti fólítì, ámpíà àti wọ́ọ̀tì, a dábàá pé kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti wá (ti fólítì wá láti ara orúkọ Alessandro Volta, ará Ítálì), gbogbo ayé ni ó sì ń lò wọ́n.

3. Iyè, awẹ́ iyè àti aṣèṣirò

Ìrántí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń túmọ̀ memory inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìrántí jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀: ó jẹ́ pé ohun kan padà wá sí ọkàn ẹni. Ibi tí a kó ohun náà pamọ́ sí kí ó tó padà wá ni a ń pè ní iyè. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹni tí kì í tètè gbàgbé ní oníyè, tí àwọn babaláwo sì ní oògùn ìsọ̀yè fún ọmọ-iṣẹ́ wọn. Bí a bá lo ìrántí, ìṣòro mìíràn tún wà. Mẹ́mórì tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà dà bí pátákó kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní pátákó ìrántí, ohun tí a ń gbé kọ́ ògiri nítorí olóògbé ni ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò. Nítorí náà, iyè ni a yàn. Kí akọ̀wé ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, kí ó má baà sọ iyè di ìyè.

Pátákó kékeré náà gan-an ni àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní mẹ́mórì tàbí RAM. Àbá wa fún un ni awẹ́ iyè. Bí obì ti ní awẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a lè yà kúrò lára ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni iyè kọ̀ǹpútà kan lè ní awẹ́ méjì tàbí mẹ́rin tí a lè yọ tàbí fi kún un. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn olùkọ́ èdè, tí wọ́n ti ń lo awẹ́-gbólóhùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti ẹ̀yà tí ń ṣe iṣẹ́, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni a sábà máa ń gbọ́. Ó dára fún àlàyé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń da iṣẹ́ rú, nítorí pé inú ọpọlọ ènìyàn ni iyè rẹ̀ pẹ̀lú wà. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí à ń kó nǹkan sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí à ń ṣe ìṣirò. Aṣèṣirò ni a ó máa lò fún ti ìkẹyìn yìí. Pátákó ńlá tí a to gbogbo wọn sí lára ni a ó fi sílẹ̀ ní mọ́dábọ́ọ̀dù, tàbí bọ́ọ̀dù ní kúkúrú, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ti ń pè é.

Ẹ̀yà kan ṣì kù tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ. Aṣèṣirò kì í ṣàdédé nawọ́ mú ohun tí ó wà nínú iyè. Adarí kan wà láàárín wọn tí ń sọ ìgbà tí a ó kọ nǹkan sí iyè àti ìgbà tí a ó kà á. Adarí iyè ni a ó máa pè é. Ibi tí adarí yìí ń gbé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

4. Bí ìtaari iyè ṣe di ọ̀rọ̀ aṣèṣirò

Ní àtijọ́, lára bọ́ọ̀dù ni adarí iyè máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, nínú ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tí kì í ṣe ti aṣèṣirò. Bí ẹnìkan bá fi iná tí ó pọ̀ jù ba adarí náà jẹ́, bọ́ọ̀dù ni ó bàjẹ́. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ AMD ti Amẹ́ríkà gbé adarí iyè wọ inú aṣèṣirò fúnra rẹ̀ nínú àwọn tí ó pè ní Opteron àti Athlon 64. Ní oṣù kọkànlá 2008, ilé-iṣẹ́ Intel ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nínú èyí tí ó pè ní Core i7. Èrè ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ó wà láàárín aṣèṣirò àti iyè kúrú sí i, iṣẹ́ sì yá sí i. Àmọ́, láti ìgbà náà, iná tí a yàn fún iyè kò jẹ́ ọ̀rọ̀ iyè nìkan mọ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Awẹ́ iyè àti adarí iyè ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà sára bọ́ọ̀dù. Ìtaari tí ó gòkè dúró fún òǹkà kan. Ìtaari tí ó wálẹ̀ dúró fún èkejì. Kí òye lè wà láàárín àwọn méjèèjì, ìwọ̀n ìtaari kan náà ni ẹnu ìlà ní ọ̀dọ̀ adarí àti ní ọ̀dọ̀ awẹ́ gbọ́dọ̀ máa lò. Nítorí náà, bí a bá gbé ìtaari awẹ́ sókè, a ti gbé ti ẹnu ìlà tí ó wà nínú aṣèṣirò sókè pẹ̀lú.

Àwọn ẹ̀yà tí ó wà nínú aṣèṣirò kéré púpọ̀. Ìlànà tí a fi ṣe Core i7 ti 2008 ni a ń pè ní ti nánómítà 45; nánómítà kan sì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà. Ògiri tí ó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára iná nínú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Ìtaari tí ògiri nínípọn lè gbà mọ́ra lè dá ihò sí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kì í ṣe dandan kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó lè jẹ́ pé ògiri náà yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, títí di ọjọ́ tí kò ní jí mọ́. Ìdí nìyí tí ẹnìkan kò fi lè sọ pé òun ti dán an wò, tí òun sì rí i pé kò léwu.

Ooru tún wà níbẹ̀. Agbára tí irú ẹ̀yà báyìí ń jẹ máa ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìtaari tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí a bá gbé ìtaari láti fólítì 1.5 lọ sí 1.65, ìdá 10 nínú 100 ni a fi kún un, ṣùgbọ́n 1.1 lọ́nà 1.1 jẹ́ 1.21, èyí ni pé agbára tí ó ń jẹ fi nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 lé sí i. Bí a bá gbé e dé fólítì 2.0, àlékún náà yóò tó nǹkan bí ìdá 78 nínú 100. Ẹ kíyè sí i pé a kò lè sọ gbólóhùn yìí rárá bí ó bá jẹ́ pé agbára ni a pe ìtaari àti agbára pọ̀.

5. Ìtaari àfilélẹ̀, àyè ìyọ̀ǹda, òpin ìfaradà àti ààlà

Àjọ kan tí a ń pè ní JEDEC ni ó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe iyè kọ̀ǹpútà. Láti ìran dé ìran ni ìtaari tí ó fi lélẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ti DDR, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2000, jẹ́ fólítì 2.5, ti DDR2, ní 2003, jẹ́ 1.8, ti DDR3, ní 2007, jẹ́ 1.5, ti DDR4, ní 2012, jẹ́ 1.2, ti DDR5, ní 2020, jẹ́ 1.1. Ẹ̀yà DDR3 kan tún wà tí ìtaari rẹ̀ jẹ́ 1.35, DDR3L ni orúkọ rẹ̀.

Bí a bá mú DDR3 nìkan, òǹkà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó bá pàdé nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Èkíní ni 1.5, èyí tí a ní kí ó máa lò. A ó pè é ní ìtaari àfilélẹ̀. Èkejì ni 1.425 sí 1.575, ìyẹn ibi tí ìtaari náà lè rìn dé sókè tàbí sísàlẹ̀ kí iṣẹ́ má sì bàjẹ́. Àyè ìyọ̀ǹda ni èyí. Ẹ̀kẹta ni 1.975, èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá bí a kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́ pátápátá. Òpin ìfaradà ni a ó pe èyí. Bí ògbufọ̀ bá pe òǹkà àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta ní ìwọ̀n tí ó lè gbà, ẹni tí ó kà á yóò rò pé kí a máa fi 1.975 ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò léwu. Ẹni tí ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹni tí yóò máa gbé méjì láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Òǹkà kẹrin kò sí nínú ìwé iyè rárá; inú ìwé aṣèṣirò ni ó wà. Òun ni a ó pè ní ààlà aṣèṣirò. Kí Core i7 tó dé, àwọn tí ń ṣe awẹ́ DDR3 fún àwọn tí ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn yára ju ti ẹlòmíràn ti ń tà wọ́n pẹ̀lú ìtaari tí ó tó fólítì 1.8 sí 2.0. Àwọn adarí iyè tí ó wà lára bọ́ọ̀dù ìgbà náà fara dà á. Nígbà tí Core i7 jáde, Intel kìlọ̀ pé ìtaari iyè kò gbọdọ̀ kọjá fólítì 1.65, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣèṣirò lè bàjẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe bọ́ọ̀dù tilẹ̀ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ibi tí a ń kì awẹ́ bọ̀. Láìpẹ́, awẹ́ tí a kọ 1.65 sí lára kún ọjà. Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ ni pé awẹ́ tí ó dára lánàá kò yí padà. Ẹnìkejì rẹ̀ ni ó yí padà.

6. Ibi tí ìrísí kò ti lè gbani

Àwọn tí ó ṣe ìlànà iyè mọ̀ pé ènìyàn lè ṣèèṣì. Nítorí náà, wọ́n gé àlàfo kékeré kan sí etí awẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe ìdènà kan sí ojú ihò tí a ń kì í bọ̀, kí ìran kan má baà wọ ihò ìran mìíràn. Ìlà ìfarakanra 240 ni DDR2 àti DDR3 ní, ṣùgbọ́n ibi tí a gé àlàfo sí lára wọn kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni DDR4 àti DDR5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 288. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá kò lè ki DDR2 bọ ihò DDR3, àfi bí ó bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n láàárín ìran kan náà, kò sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀. DDR3 onífólítì 1.5, DDR3L onífólítì 1.35, àti awẹ́ tí a ṣe fún 1.65 tàbí 2.0, ojú kan náà ni a gé àlàfo wọn sí. Gbogbo wọn ni yóò wọlé wẹ́rẹ́. Ní 2015, Intel gbé ìran kẹfà Core jáde, tí a mọ̀ sí Skylake, tí a fi ìlànà nánómítà 14 ṣe. Ìtaari méjì ni a kọ sílẹ̀ fún un: 1.2 fún DDR4 àti 1.35 fún DDR3L. Ẹni tí ó bá ra bọ́ọ̀dù tí ó ní ihò DDR3 fún aṣèṣirò yìí, tí ó sì yọ awẹ́ 1.5 tàbí 1.65 kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ láti fi dín ìnáwó kù, kò ní rí ohun kan tí yóò dá a dúró. Lẹ́tà kan ṣoṣo, L, tí a kọ sí ara awẹ́, àti òǹkà tí ó tẹ̀ lé e, ni gbogbo ìkìlọ̀ tí ó wà.

Níbi tí ọwọ́ àti ojú kò ti lè mọ ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ àti òǹkà ni ó kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá jẹ́ oníruurú ìtumọ̀, kò sí ìdènà kankan mọ́.

Ó yẹ kí a fi kún un pé awẹ́ DDR3 méjì tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù kan kì í sábà gba ìtaari ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orísun kan ni ó ń bọ́ wọn. Bí a bá pa awẹ́ 1.35 tí ó lè lo 1.5 pọ̀ mọ́ awẹ́ tí ó jẹ́ 1.5 nìkan, 1.5 ni àwọn méjèèjì yóò máa gbà. Awẹ́ lè fara dà á. Ìbéèrè tí ó kù ni ti aṣèṣirò.

7. Ìtaari ta ni?

Ẹ̀yà kékeré kan wà lára awẹ́ iyè kọ̀ọ̀kan tí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Bọ́ọ̀dù ń ka àkọsílẹ̀ yìí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, ó sì ń yan ìtaari àfilélẹ̀. Láti 2007 ni Intel ti fi ọ̀nà kan kún un, tí a ń pè ní XMP, tí àwọn tí ń ṣe awẹ́ fi lè kọ ìwọ̀n kejì sílẹ̀, tí ó yára jù, tí ìtaari rẹ̀ sì sábà máa ń ga jù. Bí oníkọ̀ǹpútà bá yàn án, bọ́ọ̀dù yóò lò ó. Ìtaari àyàn ni a ó pe èyí, kí a má baà kà á mọ́ àfilélẹ̀. Ẹni tí ó ṣe awẹ́ ni ó kọ ọ́. Ẹni tí ó ṣe aṣèṣirò kò bá a dá sí i.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní 2023 tí ó fi hàn pé ó tún yẹ kí a máa bèèrè pé ìtaari ta ni. Díẹ̀ lára àwọn aṣèṣirò Ryzen 7000 tí AMD ṣe, tí wọ́n ń lo DDR5, jóná lórí bọ́ọ̀dù. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn bọ́ọ̀dù náà bá gba ìwọ̀n tí ó yára tí a kọ sínú awẹ́, kì í ṣe ìtaari iyè nìkan ni wọ́n ń gbé sókè. Wọ́n tún ń gbé ìtaari apá aṣèṣirò tí adarí iyè wà nínú rẹ̀ sókè, kí adarí náà lè bá eré iyè mu. Ohun tí AMD ṣe ni pé ó mú ètò tuntun jáde fún àwọn bọ́ọ̀dù, tí kò jẹ́ kí ìtaari apá náà kọjá fólítì 1.3. Nínú gbólóhùn méjì yìí, ìtaari iyè jẹ́ nǹkan kan, ìtaari adarí iyè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó bá kọ fóltéèjì mẹ́mórì fún méjèèjì yóò rán ẹni tí ó ń kà á lọ sí ibi tí kò yẹ.

Nínú DDR5 fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún yí díẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, fólítì 5 ni bọ́ọ̀dù ń gbé fún awẹ́, ẹ̀yà kan lára awẹ́ ni yóò sì sọ ọ́ di 1.1 tí iyè ń lò. Òǹkà méjèèjì ni a lè pè ní ìtaari awẹ́. Nítorí náà, ìtaari tí ń wọ awẹ́ àti ìtaari tí iyè ń lò ni ó yẹ kí a kọ.

8. Lílo àwọn ìperí yìí nínú ìwé ìlànà

Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn méjì kalẹ̀. Èkíní: “Rí i dájú pé agbára mẹ́mórì kò ju èyí tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè gbà lọ.” Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó ní. Ẹnìkan lè rò pé bí iyè ti tóbi tó ni à ń wí, tí a fi gígábáìtì wọ̀n. Ẹlòmíràn lè rò pé eré rẹ̀ ni. Ẹnìkẹta lè rò pé iná ni. Èkejì: “Rí i dájú pé ìtaari iná tí o yàn fún awẹ́ iyè kò kọjá ààlà tí àwọn tí ó ṣe aṣèṣirò fi lélẹ̀ fún ìtaari iyè.” Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà lóye rẹ̀.

Pẹ̀lú ìperí wọ̀nyí, ìlànà iṣẹ́ náà kò le láti kọ. Kí ẹni tí ń to kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ka ìwé aṣèṣirò, kí ó kọ irú iyè tí ó gbà àti ààlà ìtaari rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ara awẹ́, kí ó wo ìtaari àfilélẹ̀ àti ìtaari àyàn rẹ̀ bí ó bá ní. Bí èyíkéyìí tí ó fẹ́ lò bá kọjá ààlà, kí ó wá awẹ́ mìíràn, tàbí kí ó lo ìwọ̀n tí ó lọ́ra jù tí ìtaari rẹ̀ kò kọjá ààlà. Nígbà tí ó bá ti tan kọ̀ǹpútà, kí ó wọ ojú ìwé ètò bọ́ọ̀dù, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí òǹkà tí bọ́ọ̀dù yàn, nítorí pé ohun tí a kọ sí ara awẹ́ àti ohun tí bọ́ọ̀dù ń ṣe lè yàtọ̀. Òfin kan ni ó wà lórí gbogbo rẹ̀: nígbà tí ẹ̀yà méjì bá pín ìtaari kan lò, èyí tí ààlà rẹ̀ kéré jù ni ó ń pàṣẹ.

Àwọn ìperí tí a dábàá nìyí ní ṣókí:

Ìtaari: ohun tí ń ti iná gba inú wáyà kọjá, fólítì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Ìṣàn: iye iná tí ń kọjá, ámpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Agbára: ìwọ̀n iṣẹ́ tí iná ń ṣe, wọ́ọ̀tì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Iyè: ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí.
Awẹ́ iyè: pátákó kékeré kan lára iyè, tí a lè yọ tàbí fi kún un.
Aṣèṣirò: ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò, tí ó sì ń mú àṣẹ ṣẹ.
Adarí iyè: ẹ̀yà tí ń darí kíkọ àti kíkà iyè.
Ìtaari àfilélẹ̀: èyí tí ìlànà ní kí a máa lò.
Ìtaari àyàn: èyí tí oníkọ̀ǹpútà yàn dípò àfilélẹ̀.
Àyè ìyọ̀ǹda: ibi tí ìtaari lè rìn dé kí iṣẹ́ má sì bàjẹ́.
Òpin ìfaradà: ibi tí ìbàjẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ bí a bá kọjá rẹ̀.
Ààlà: ibi tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀yà kan ní kí ìtaari ti dúró.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbádọ́gba ìtaari iyè àti ààlà aṣèṣirò kì í ṣe ọ̀ràn iná nìkan. Láti ìgbà tí adarí iyè ti wọ inú aṣèṣirò, òǹkà tí a kọ sí ara ẹ̀yà kan ti di ewu fún ẹ̀yà mìíràn, ìrísí àwọn ẹ̀yà náà kò sì tó láti kìlọ̀ fún wa. Ẹni tí ó ń kọ ìwé ìlànà ní Yorùbá ni yóò dúró ní ipò ìdènà tí kò sí.

A kò retí pé gbogbo ènìyàn yóò gba àwọn ìperí yìí bí a ti gbé wọn kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn onímọ̀ físíìsì sọ pé ìtaari kò sọ tán ohun tí voltage jẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tí a ṣe lórí ìwọ̀n iná kan ni ó jẹ́ ní tòótọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe àlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ìṣàn pàápàá kò sọ tán nípa ohun tí ń kọjá nínú wáyà. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìtaari lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fàyè gbà ni kí ọ̀rọ̀ kan máa jẹ́ orúkọ nǹkan mẹ́ta nínú ìwé kan náà. Kí àwọn olùkọ́ dán àwọn ìperí yìí wò nínú kíláàsì, kí àwọn ògbufọ̀ sì kà wọ́n sétí àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Èyí tí ó bá mú kí oníṣẹ́ ṣe ohun tí ó tọ́ láìtún bèèrè ni kí a fi ọwọ́ sí.